Ìrìn-àjò ráńpẹ́ sí àwọn òkè oníyìnyín Nagano nílẹ̀ Japan: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti Èkó, Ìbàdàn, Peckham àti Houston ni ìbéèrè ti ń wọlé lórí lílọ sí Japan nígbà òtútù. Mo kó èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn jọ síbí. Ẹni tó ní bí ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní oṣù kan gbáko, kó máa gbádùn ara rẹ̀.

Japan tóbi. Kí ló dé tó fi jẹ́ Nagano lẹ ń dárúkọ ṣáá?

Torí pé kò jìnnà sí Tokyo. Shinkansen, ìyẹn rélùwéè asáré wọn, ń gbé èèyàn láti Tokyo dé ìlú Nagano láàárín nǹkan bí 80 ìṣẹ́jú, bó bá jẹ́ èyí tí kì í dúró lọ́nà púpọ̀. Èyí tó ń dúró kì í ju 100 ìṣẹ́jú lọ dáadáa. Ọdún 1997 ni ojú irin náà dé ibẹ̀, nítorí ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù tí wọ́n gbà lálejò ní oṣù kejì ọdún 1998. Nígbà tí ẹ bá sì débẹ̀, ìlú ńlá, tẹ́ńpìlì àtijọ́, ọ̀bọ inú yìnyín, omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ àti òkè tí wọ́n ti ń ṣe ski (fífi igi pẹlẹbẹ yọ̀ lórí yìnyín), kò sí èyí tó ju wákàtí kan àbọ̀ lọ síra wọn.

Àwọn kan á ní Hokkaido, erékùṣù tó wà ní àríwá Japan, ńkọ́? Hokkaido dáa. Ṣùgbọ́n bàálù mìíràn lẹ máa wọ̀ láti Tokyo, àlọ ọjọ́ kan, àbọ̀ ọjọ́ kan, ó ti jẹ nínú ọjọ́ tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti rí ètò tí ẹnì kan kọ ránṣẹ́: Tokyo, Kyoto, Osaka, Nagano àti Sapporo, ní ọjọ́ mẹ́fà! Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ní ń mú bọ̀, áńbọ̀sì eku márùn-ún.

Kí ló ń mú yìnyín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí Tokyo lè má rí ẹyọ kan?

Atẹ́gùn tútù tó gbẹ ló ń fẹ́ bọ̀ láti Siberia. Ó gba orí òkun tó wà láàárín Japan àti Korea kọjá, omi òkun yẹn sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju atẹ́gùn náà lọ, ni atẹ́gùn bá ń fa ọ̀rinrin mu bó ṣe ń bọ̀. Bó ṣe dé èbúté Japan, òkè gíga ló pàdé. Kò sí ọ̀nà àtikọjá, àfi kó gòkè, bó sì ṣe ń gòkè ló ń tutù sí i, gbogbo ohun tó gbé wá láti òkun á wá bọ́ sílẹ̀ ní yìnyín. Nígbà tó bá fi ré kọjá sọ́dọ̀ Tokyo, kò lómi nínú mọ́. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi ń ràn gbẹrẹgẹdẹ ní Tokyo lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lórí òrùlé ní Iiyama, ìlú kan ní àríwá ìpínlẹ̀ Nagano.

Ní abúlé Sakae, níhà àríwá ìpínlẹ̀ Nagano náà, ibùdókọ̀ ojú irin kan wà tó ń jẹ́ Morimiyanohara. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1945, wọ́n wọn yìnyín ilẹ̀ ibẹ̀, ó jẹ́ mítà 7.85. Òpó gíga kan wà níbẹ̀ títí dòní tó ń fi ibi tó ga dé hàn.

Oṣù wo ló yẹ kí n lọ?

Láti àárín oṣù kìíní títí dé ìparí oṣù kejì. Ní oṣù kejìlá, yìnyín lè má tíì tó. Ẹ sá fún ọjọ́ 29 oṣù kejìlá sí ọjọ́ 3 oṣù kìíní: gbogbo Japan ló ń rìnrìn-àjò lákòókò ọdún tuntun wọn, owó yàrá ń lọ sókè, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kéékèèké sì ń tìlẹ̀kùn. Ọdún tuntun àwọn ará China náà ń mú èrò wá. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe Sátidé sí Sọ́ńdè.

Ọmọ Nàìjíríà ni mí. Físà ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń fún wa ní físà pàtàkì.

Rárá o. Ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà ìpàdé TICAD, ìyẹn ìpàdé Japan àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ní Yokohama, tí JICA, àjọ tí ìjọba Japan fi ń ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, pe ìlú Kisarazu ní ìlú ọ̀rẹ́ fún Nàìjíríà. Ìkéde kan jáde láti ọ̀dọ̀ ìjọba wa pé físà àrà ọ̀tọ̀ ń bọ̀, ìjọba Japan sì sẹ́ ẹ kíá pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Ṣe ni JICA fagi lé gbogbo ètò náà lóṣù tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń gbowó lọ́wọ́ yín lórí "físà Kisarazu", ẹ tètè sá.

Físà arìnrìn-àjò lásán lẹ máa gbà, ní ilé iṣẹ́ aṣojú Japan tó wà ní Àbújá. Ẹni tó ń gbé ìlú ọba pẹ̀lú ìwé ìgbélùú, tó ṣì ń lo páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ibẹ̀ ló ti máa gba tirẹ̀. Wọ́n máa béèrè ìwé báńkì, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, àti ètò ojoojúmọ́: ọjọ́ báyìí, ibi báyìí, òtẹ́ẹ̀lì báyìí. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ètò ojoojúmọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ ìlú márùn-ún ní ọjọ́ mẹ́fà, ẹni tó ń kà á náà mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Britain tàbí ti Amẹ́ríkà kò nílò físà fún ìbẹ̀wò tí kò ju 90 ọjọ́ lọ. Àwọn ará wa ní Brazil náà ti wà nínú rẹ̀ láti ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Bàálù tààrà wà láti Èkó?

Kò sí. Doha, Dubai tàbí Addis Ababa lẹ máa gbà. Aago Japan fi wákàtí 8 ṣíwájú tiwa, torí náà ẹ sùn ní Tokyo lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé. Kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù kó tún máa lé rélùwéè lọ sórí òkè lọ́jọ́ kan náà, ìyà àfọwọ́fà ni.

Ṣé kí n ra Japan Rail Pass, tíkẹ́ẹ̀tì tí àlejò fi ń wọ rélùwéè káàkiri Japan fún iye ọjọ́ kan?

Ẹ má rà á fún irú ìrìn-àjò yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ti ọjọ́ 7 gòkè di 50,000 yen. Tíkẹ́ẹ̀tì Tokyo sí Nagano jẹ́ nǹkan bí 8,000 yen àti díẹ̀ ní àlọ. Kódà bẹ́ ẹ bá lọ tẹ́ ẹ bọ̀, kò tó ìdajì owó yẹn.

Báwo lẹ ṣe máa pín ọjọ́ náà, ká ní ẹ̀yin ni?

Òru márùn-ún ni mo máa fi sí i. Alẹ́ àkọ́kọ́ ní Tokyo, láti sinmi. Ọjọ́ kejì, mo máa wọ rélùwéè òwúrọ̀ lọ sí Nagano, kí n sùn síbẹ̀ òru méjì: ọjọ́ kan fún tẹ́ńpìlì Zenko-ji àti ìgboro, ọjọ́ kejì fún àwọn ọ̀bọ. Lẹ́yìn náà, òru méjì ní Nozawa Onsen. Láti Nagano, ẹ wọ Shinkansen dé Iiyama, ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ni, bọ́ọ̀sì á wá gbé yín lọ sí abúlé náà ní bí ìṣẹ́jú 25. Ẹ rántí pé Shinkansen tí wọ́n ń pè ní Kagayaki kì í dúró ní Iiyama. Ẹ wo orúkọ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, kó má gbé yín dé Kanazawa.

Hakuba ńkọ́? Ẹni tí ski jẹ lógún ni kó lọ Hakuba, bọ́ọ̀sì ń lọ tààrà láti iwájú ibùdókọ̀ Nagano. Òkè ibẹ̀ ga, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ rí bí àwọn ará abúlé ṣe ń gbé inú yìnyín, Nozawa ni mo dìbò fún.

Mo ní àpótí ńlá méjì. Báwo ni mo ṣe máa gbé e rìn nínú yìnyín?

Ẹ má gbé e rárá. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní takkyubin: ẹ gbé àpótí sílẹ̀ fún wọn ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń ṣí tọ̀sán-tòru, wọ́n á gbé e dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi aṣọ ọjọ́ kan sínú báàgì ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ máa lọ. Táyà àpótí kì í yí lórí yìnyín, ṣe lẹ máa máa wọ́ ọ tuurutu gun òkè abúlé.

Òtútù yẹn, ṣé a lè fara dà á? Kí la máa wọ̀?

Ní ìlú Nagano, ìdájí oṣù kìíní máa ń tó ìwọ̀n 4 sísàlẹ̀ òdo. Lórí òkè, 10 sísàlẹ̀ òdo kì í ṣe ìròyìn. Ẹni tó ti lo oṣù kìíní ní London máa rò pé òun ti mọ òtútù, àmọ́ òtútù London lọ́rinrin, ó ń wọ egungun. Ti orí òkè yìí ń ta ni, ṣùgbọ́n bí aṣọ bá bá a mu, ara máa ń gbà á.

Kóòtù ràgàjì kan ṣoṣo kọ́ ló ń ṣe é. Ìpele mẹ́ta ni: aṣọ tín-ínrín tó lẹ̀ mọ́ ara, èyí tó ń mú ooru dání láàárín, àti èyí tí omi àti atẹ́gùn ò lè gbà kọjá lókè. Ẹ má wọ òwú mọ́ ara. Bó bá ti mu òógùn, òtútù á wọlé síbẹ̀. Aṣọ amóoru Heattech tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Uniqlo ní Tokyo ti tó, kò sí ìdí láti ra ohun olówó gọbọi nílé.

Bàtà ni kẹ́ ẹ náwó lé lórí. Kó jẹ́ èyí tí omi ò lè wọ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín jíjìn. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó yọ́ lọ́sàn-án tó tún dì lóru, ni ewu wà jù. Ẹ wo bí àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ ṣe ń rìn: ìgbésẹ̀ kúkúrú, orókún tẹ̀ díẹ̀, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbọ̀wọ́, fìlà tó bo etí, ìbọ̀sẹ̀ nínípọn méjì-mẹ́ta. Kairo ni wọ́n ń pe àpò pẹlẹbẹ kan tó ń gbóná fúnra rẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti ya ọ̀rá rẹ̀. Ẹ fi sínú àpò kóòtù, á bá yín dé alẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ta ohun mímu lójú títì náà ní agolo gbígbóná: kọfí, tíì, kódà ọbẹ̀ àgbàdo. Ẹ kọ́kọ́ fi agolo náà mú ọwọ́ gbóná kẹ́ ẹ tó ṣí i.

Afẹ́fẹ́ inú yàrá máa ń gbẹ bí ìgbà ọyẹ́ tó le jù lọ ní Ọ̀yọ́. Ètè á bó, ìgìgìsẹ̀ á sán. Ẹ mú òrí dání. Mi ò tíì rí ìpara tó ṣe é tó o.

Àwọn ọ̀bọ yẹn, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń wẹ̀?

Òótọ́ ni. Ọgbà Jigokudani ni, wọ́n ṣí i lọ́dún 1964, ó ga tó bí mítà 850. Bọ́ọ̀sì láti ìhà ìlà oòrùn ibùdókọ̀ Nagano máa gbé yín dé ẹsẹ̀ òkè ní bí ìṣẹ́jú 40. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn, nǹkan bí kìlómítà 1.6 nínú igbó, láàárín igi gíga tí yìnyín bò. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá á rìn ín ní ìṣẹ́jú 30 sí 40. Ìyá àgbà tí orókún ń dùn, kó má lọ. Kò sí mọ́tò tó ń gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà ọgbà.

Ọ̀bọ inú igbó ni wọ́n, kò sí ọgbà tó sé wọn mọ́. Láàárọ̀ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ló ń fọ́n oúnjẹ fún wọn. Kò sí àlejò kankan tó gbọ́dọ̀ fún wọn ní nǹkan jẹ tàbí fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ má tẹjú mọ́ wọn, ìpèníjà nìyẹn lójú wọn. Bísíkíìtì inú báàgì, ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ létí omi, ẹ máa rí i: ooru ń rú, yìnyín ti dì mọ́ irun orí ìyá ọ̀bọ kan, ó di ojú rẹ̀ pupa pípọ́n, ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn láyà, òmíràn wà lẹ́yìn tó ń ṣa irun fún un. Lọ́jọ́ tí òtútù ò bá mú, wọ́n lè má wọ omi rárá. Ẹ̀rọ ayàwòrán kan wà lórí ìkànnì ọgbà tó ń fi adágún náà hàn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì.

Mi ò ṣe ski rí. Ṣé kí n gbìyànjú rẹ̀?

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ kan, pẹ̀lú olùkọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kọ́ yín. Wọ́n ń yá èèyàn ní igi ski, bàtà rẹ̀ àti aṣọ òkè, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́, fìlà àti awò ojú, rírà ni wọ́n sábà máa ń sọ fún èèyàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi gan-an, kó kọ̀wé béèrè ṣáájú, torí bàtà ńlá kì í pọ̀ nílẹ̀. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tàbí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àga tó ń gbéni gòkè ti ń dúró, oòrùn á sì wọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ní oṣù kìíní. Ìwé adójútòfò tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ kà á bóyá ó kó ski mọ́ ọn. Èyí tó pọ̀ kì í kó o mọ́ ọn, owó tí wọ́n sì fi ń wá ẹni tó sọnù lórí òkè kì í ṣe kékeré.

Onsen, ìyẹn ibi ìwẹ̀ olómi gbígbóná láti inú ilẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni pé ìhòòhò ni wọ́n ń wọ̀ ọ́?

Ìhòòhò ni. Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, kò sí aṣọ ìwẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan lojú ń ti èèyàn, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fọ ara ni adágún náà. Ẹ jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa, ẹ ṣan gbogbo ìfófò kúrò, kẹ́ ẹ tó wọlé. Tówẹ́ẹ̀lì kékeré kì í wọ omi. Orí ni wọ́n ń gbé e lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dirun tàbí tẹ́ ẹ fi wíìfù sí i, ẹ kó o jọ sókè kó má kan omi. Ẹ má sì gbé irun tútù jáde síta o, ó máa dì gan-an.

Ní Nozawa, ilé ìwẹ̀ 13 ló wà káàkiri abúlé, àwọn ará abúlé ló ni wọ́n, àwọn ló ń fọ̀ wọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni fún àlejò. Àpótí kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ máa sọ owó díẹ̀ sí. Ilé onígi ni Oyu, èyí tó lókìkí jù. Kò sí ohun ọ̀ṣọ́ kankan: ibi tí ẹ máa kó aṣọ sí, adágún méjì, ó tán. Ojú ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ́ṣọ lẹ ti ń rí omi. Omi náà gbóná débi pé ẹlòmíràn á kan ki ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni, á sì fò padà. Ẹ fi igbá bù ú, ẹ dà á sí ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà itan, lẹ́yìn náà èjìká, títí ara á fi gbà. Bí bàbá àgbà kan bá wà nínú ẹ̀, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí ẹ̀rọ omi tútù. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná.

Lókè Oyu díẹ̀, ẹ máa rí Ogama, níbi tí omi ti ń hó jáde nílẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 90. Ibẹ̀ làwọn ará abúlé ti ń bọ ẹ̀fọ́ àti ẹyin. Ẹ dúró síta wo; ará abúlé nìkan ló ń wọ inú ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ibi kì í gba ẹni tó ní tátù. Ẹ béèrè ṣáájú.

Mùsùlùmí ni mí, mi ò lè bọ́ra láàárín èèyàn.

Kò sí wàhálà. Ọ̀pọ̀ ilé àlejò ní yàrá ìwẹ̀ àdáni tí wọ́n ń yá tọkọtaya tàbí ẹbí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "kashikiri" nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba yàrá. Lórí oúnjẹ, ẹ kọ̀wé sí wọn kẹ́ ẹ tó dé. Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ nìkan lẹ máa ṣọ́ra fún. Ọtí máa ń wà nínú ọbẹ̀ àti ìsebẹ̀ wọn láìjẹ́ pé ẹ rí i lójú. Bó bá jẹ́ inú Ramadan lẹ lọ, ọ̀sán ibẹ̀ kúrú, ẹ ò ní pẹ́ ṣínu.

Kí la máa jẹ? Ata ńkọ́?

Soba, tí wọ́n fi ọkà buckwheat ṣe, ni Nagano fi ń yangàn, pàápàá ti Togakushi. Àwọn kan wà tí ara wọn kì í gba ọkà yẹn, ó sì lè le. Oyaki ni mo fẹ́ràn jù: ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ nozawana tàbí ìgbá dí inú rẹ̀, tí wọ́n wá yan án. Ẹ jẹ ẹ́ lójú títì, ó ń gbóná lọ́wọ́.

Ata wà! Lójú ọ̀nà tó lọ sí Zenko-ji, ṣọ́ọ̀bù Yawataya Isogoro ti ń ta àpòpọ̀ ata àti èròjà olóòórùn láti ọdún 1736. Kò ta tó ata rodo o, ṣùgbọ́n kò burú. Ẹ ra agolo kan, kẹ́ ẹ máa mú un lọ sílé oúnjẹ.

Bí ẹ bá sùn ní ryokan, ìyẹn ilé àlejò ìbílẹ̀ wọn, oúnjẹ alẹ́ ní aago tirẹ̀, bí aago mẹ́fà. Ẹni tó dé láago mẹ́jọ, ebi ló máa sùn mọ́. Iye tí wọ́n sì kọ, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ti yàrá. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ yukata, aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fún yín níbẹ̀, apá òsì ni kó bo ti ọ̀tún. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún ní òdìkejì.

Ṣé mo lè gbé kílíṣí àti ẹran gbígbẹ dání?

Rárá. Wọn kì í gba ẹran láti ilẹ̀ wa wọlé, yálà ó gbẹ tàbí ó tutù, ajá tí ń gbóòórùn sì wà ní pápákọ̀ òfurufú. Oògùn náà ń fẹ́ ìṣọ́ra: oògùn ọ̀fìnkìn tí pseudoephedrine pọ̀ nínú rẹ̀ àti Adderall wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀, kódà pẹ̀lú ìwé dókítà.

Owó orí fóònù tó, àbí kí n mú owó bébà?

Ẹ mú méjèèjì. Abúlé ṣì ń gba owó bébà. ATM inú ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven máa ń gba káàdì ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ fa owó ní Nagano kẹ́ ẹ tó gòkè.

Ṣé kí n yá mọ́tò?

Bẹ́ ẹ kò bá wakọ̀ nínú yìnyín rí, ẹ má dán an wò.

Kí ni ewu tí àlejò kì í mọ̀?

Yìnyín orí òrùlé. Bí oòrùn bá ràn díẹ̀, òkìtì rẹ̀ á já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsọ tẹ́lẹ̀, ó wúwo, ọdọọdún ló sì ń pa èèyàn ní Japan. Ẹ má dúró ya fọ́tò lábẹ́ igun òrùlé, bí ìtàkùn omi dídì tó rọ̀ síbẹ̀ ti wù kó dára tó. Ẹ má sì gba abẹ́ okùn tí wọ́n ta sí ojú òkè kọjá. Nọ́ńbà 119 ni ti ọkọ̀ aláìsàn àti panápaná, 110 ni ti ọlọ́pàá.

Ọjọ́ àjọ̀dún kan wà tó yẹ ká bá pàdé?

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ní Nozawa, àjọ̀dún iná Dosojin. Igi ńláńlá ni wọ́n fi kọ́ ilé gogoro kan. Àwọn ọkùnrin ẹni ọdún 42 á gun orí rẹ̀ lọ, àwọn ẹni ọdún 25 á dúró sísàlẹ̀ gbèjà rẹ̀, àwọn ará abúlé yòókù á máa fi ògùṣọ̀ kọlù wọ́n láti dáná sun ún. Ìjà gidi ni, iná ń ta, èéfín ń yí, ojú àwọn tó wà nísàlẹ̀ á dúdú kirikiri. Ní ìgbẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ á jó. Yàrá nínú abúlé máa ń tán tipẹ́tipẹ́ fún òru yẹn. Ẹ gbà á ní bí ọdún kan ṣáájú, tàbí kẹ́ ẹ sùn ní Iiyama, kẹ́ ẹ sì mọ bẹ́ ẹ ṣe máa padà, torí bọ́ọ̀sì kì í pẹ́ lálẹ́. Aṣọ tẹ́ ẹ bá wọ̀ lọ síbẹ̀, kó má jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ẹ̀ta iná máa ń lu kóòtù onínáílọ́ọ̀nù jálẹ̀.